Kókó Kì í Ṣe Ẹ̀ṣẹ̀

Níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà ara aṣọ, ìbáà jẹ́ kíláàsì Home Economics, ìbáà jẹ́ kíláàsì tí àwọn obìnrin ń sanwó fún ní òpin ọ̀sẹ̀, òfin kan kì í pẹ́ jáde lẹ́nu olùkọ́: òwú kò gbọ́dọ̀ ní kókó nídìí. Ọmọ á fara balẹ̀ ṣe òdòdó pupa, á fi ewé yí i ká, á gbé e wá tayọ̀tayọ̀. Olùkọ́ kò ní wo òdòdó. Á yí aṣọ padà, á fi ìka tọ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Bí ìka bá ti kan kókó kan ṣoṣo, ó parí. Máàkì ti lọ. Wọ́n á ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni, wọ́n á ní ẹni tó mọ abẹ́rẹ́ lò kì í ta kókó, wọ́n á ní ẹ̀yìn iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ́ bí iwájú rẹ̀.

Òfin yìí ti ráyè débi pé àwọn tí kò tẹ̀lé e pàápàá ń tijú. Aránṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ ti gún régé nínú ṣíṣe ọnà sí ọrùn aṣọ á máa fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹ̀yìn iṣẹ́ rẹ̀ bí àlejò bá fẹ́ wò ó, àfi bí ẹni tó jalè. Kò jalè. Ohun tó ṣe dára, òfin tó ń dá a lẹ́bi ni kò dára. Aṣọ tí ènìyàn yóò wọ̀, tí wọn yóò fọ̀, tí wọn yóò fún, tí wọn yóò fi sítáàṣì sí, tí wọn yóò sì lọ̀, kókó kékeré tó dúró ṣinṣin ló yẹ kí iṣẹ́ ara rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ kì í ṣe àlejò nílẹ̀ Yorùbá. Kí àwọn míṣọ́nnárì tó dé ni àwọn ọlọ́lá ti ń wọ agbádá, gbárìyẹ̀ àti gírìkè tí wọ́n ṣiṣẹ́ sí lọ́rùn àti láyà. Ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe é. Lókè lọ́hùn-ún, ní Kánò àti Sáríà, ọ̀pọ̀ àáfáà tó ń kọ́ ọmọ ní Kùránì ló ń fi abẹ́rẹ́ wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, wọ́n ń ṣe aska biyu àti aska takwas sára aṣọ ńlá, ọnà wọ̀nyẹn tí orí wọn rí ṣóńṣó. Àwọn wọ̀nyí kò ní kíláàsì, wọn kò sì ní máàkì. Ẹni tó ra aṣọ ni olùdánwò wọn, iye ọdún tí aṣọ náà bá lò ni èsì ìdánwò.

Ẹ̀kọ́ abẹ́rẹ́ ti inú kíláàsì ni ó ti ibòmíràn wá. Nígbà tí Anna Hinderer àti ọkọ rẹ̀, David, tí wọ́n jẹ́ míṣọ́nnárì, dé Ìbàdàn ní 1853, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ wà lára ohun tí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn. Ní 1869, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS dá ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Èkó, ilé ìwé tó di St Anne's ti Ìbàdàn nígbà tó yá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, láti 1862 ni iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ti di dandan fún àwọn ọmọbìnrin ní ilé ìwé tó bá ń gba owó ìjọba. Níbi tí owó ìjọba bá wà, aláyẹ̀wò á wà níbẹ̀. Kí sì ni aláyẹ̀wò lè ṣe pẹ̀lú ègé aṣọ tí ọmọ kékeré rán? Kò lè wọ̀ ọ́. Kò lè dúró de ọdún márùn-ún kó tó mọ̀ bóyá yóò tú. Ohun tó rọrùn fún un ni kó yí i padà, kó wo bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe mọ́ tó. Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ń sọ fúnni bóyá ọmọ náà gbọ́ràn. Kò sọ ohunkóhun nípa bóyá iṣẹ́ rẹ̀ yóò pẹ́.

Ní 1872 ni Lady Victoria Welby dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, òun ni a mọ̀ lónìí sí Royal School of Needlework, tó wà ní ààfin Hampton Court. Kò sí ẹni tó lè bu ẹnu àtẹ́ lu ọwọ́ wọn. Àwọn ni wọ́n ṣe ọnà léèsì ara aṣọ ìgbéyàwó Catherine Middleton, tó fẹ́ ọmọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2011. Ìròyìn tó jáde nígbà náà sọ pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kì í kọjá kí wọ́n tó fọ ọwọ́, wákàtí mẹ́ta mẹ́ta sì ni wọ́n ń pààrọ̀ abẹ́rẹ́, kí ìdọ̀tí má baà kan aṣọ, kí ẹnu abẹ́rẹ́ má sì kú. Ojú àwọ̀n tó fẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣiṣẹ́ sí. Ohun tó bá wà lẹ́yìn ni iwájú yóò rí. Dájúdájú, kókó kò ní ibùgbé lórí irú aṣọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí aṣọ náà. Wọ́n wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn náà wọ́n gbé e sí ààfin Buckingham fún àwọn ènìyàn láti máa wò. Agbádá tí baálé ilé wọ̀ lọ síbi ìkómọ lọ́jọ́ Sátidé ń lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Alágbàfọ̀ kò lọ sí Hampton Court. Yóò rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ, yóò fi aṣọ gbo aṣọ, yóò fún un títí omi yóò fi tán lára rẹ̀, yóò tì í bọ sítáàṣì, yóò sá a sóòrùn, yóò wá fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tó mú òfin aṣọ àkọ́kọ́ wá ṣe ìdájọ́ aṣọ kejì kò ro ọ̀rọ̀ náà dópin.

Ohun kan tún wà tó ń pani lẹ́rìn-ín. Ẹ bi àwọn ọ̀gá tó ń kọ̀ kókó pé báwo ni wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tiwọn. Ohun tí wọ́n ń kọ́ni ní Hampton Court, tí ìwé iṣẹ́ ọwọ́ sì ń tún sọ, nìyí: ta kókó sí ìdí òwú; ti abẹ́rẹ́ wọlé láti ojú aṣọ, kí kókó jókòó sí òkè gbangba, níwájú díẹ̀ sí ibi tí iṣẹ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀; gún abẹ́rẹ́ kéékèèké méjì tàbí mẹ́ta sí ibi tí ọnà yóò bò mọ́lẹ̀; bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́; bí òwú bá ti rinlẹ̀ tán, fi sísọ́ọ̀sì gé kókó dànù. Kókó tí wọ́n ń pè ní àbùkù yìí náà ni wọ́n kọ́kọ́ ké sí. Òun ló di òwú mú ní ìgbà tó ṣe pàtàkì jù, kí ohun mìíràn tó lè dì í mú. Iṣẹ́ rẹ̀ tán, wọ́n bẹ́ ẹ lórí, wọ́n sì yí padà sọ́dọ̀ ọmọ kíláàsì pé kókó kò dára.

Ọ̀nà kejì tí wọ́n ń yìn ni kí a ṣẹ́ òwú kan sí méjì, kí a ti orí rẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́rẹ́, kí ibi tó ṣẹ́po náà di lúùpù nídìí. Bí abẹ́rẹ́ bá ti wọlé tó sì padà sẹ́yìn, á gba inú lúùpù kọjá, òwú á sì fún ara rẹ̀ lọ́rùn mọ́ aṣọ. Ọgbọ́n tó dára ni, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kí ó máa lò ó. Àmọ́ kí ni òwú tó fún ara rẹ̀ lọ́rùn, tí kò sì lè jáde mọ́, bí kò ṣe kókó tó lọ gba orúkọ mìíràn?

Kí a má tíì sọ ti iwájú aṣọ. Kókó Faransé, tí wọ́n fi ń ṣe àárín òdòdó, ọ̀ṣọ́ ni. Àwọn ará Ṣáínà fi kókó wínníwínní kún inú òdòdó àti ìyẹ́ ẹyẹ lórí aṣọ sílíkì. Ní Lucknow, ní Íńdíà, níbi tí iṣẹ́ chikan ti lókìkí, murri àti phanda, tí méjèèjì jẹ́ kókó, wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ ọ̀gá. Kókó yìí kan náà ni, bí ó bá bọ́ sẹ́yìn aṣọ, àwọn kan á ní ojú ti olówó rẹ̀.

Ohun tí òfin náà gbàgbé jù ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín òwú ọwọ́ àti òwú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń lo òwú méjì. Ọ̀kan ń bọ̀ láti òkè, ọ̀kan ń bọ̀ láti inú bọ́bìn nísàlẹ̀, ibi tí abẹ́rẹ́ bá sì ti gún aṣọ ni àwọn méjèèjì ti ń kọ́ ara wọn lọ́rùn. Bí ojú kan bá já, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í tètè tẹ̀lé e. Òwú tí a fi ọwọ́ ṣe ọnà kò ní ẹnìkejì. Òun nìkan ló ń wọlé, òun nìkan ló ń jáde, ibi méjì péré sì ni agbára rẹ̀ wà: ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ẹni tó bá ní ká má de ibi méjèèjì, kí ló fẹ́ kó di iṣẹ́ náà mú?

Ẹ gbé léèsì yẹ̀ wò. Léèsì tí à ń fi ń ṣe ìyàwó, tí à ń fi ń ṣe òkú àgbà, iṣẹ́ ọnà ẹ̀rọ ni. Isaak Gröbli, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ló ronú kan irú ẹ̀rọ tó ń ṣe é ní 1863, ẹ̀rọ tó ní abẹ́rẹ́ lọ jàra, tí òwú iwájú àti òwú ẹ̀yìn ń so mọ́ ara wọn ní ojú kọ̀ọ̀kan. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn ilé iṣẹ́ ní Lustenau, ní orílẹ̀-èdè Austria, ti ń ṣe léèsì ránṣẹ́ sí Nàìjíríà, òwò náà sì lágbára débi pé ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Vienna ṣe àfihàn ńlá nípa rẹ̀ ní 2010, tí àfihàn náà sì dé Èkó ní ọdún tó tẹ̀lé e. Ẹ yí léèsì yẹn padà. Ẹ ó rí ìrù òwú tí wọ́n gé, ẹ ó rí ibi tí òwú ti fò láti òdòdó kan sí òmíràn. Kò sí ẹni tó ń tọrọ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Kò sí ibi òde kankan tí wọ́n ti ní kí ìyá ìyàwó bọ́ bùbá kí àwọn wò ó bóyá inú rẹ̀ mọ́. Mọnọgíráàmù tí télọ̀ ń ṣe sí ara agbádá ńkọ́? Ẹ̀yìn tirẹ̀, gọ́ọ̀mù-sìtéè ló bò ó. Ọmọ tó ń fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni kò ní òwú kejì tí yóò ràn án lọ́wọ́.

Ohun tí àwọn ọ̀gá wọ̀nyí fi rọ́pò kókó ni kí a ti ìrù òwú gba abẹ́ ojú ìránṣọ bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ohun tó ń di irú òwú bẹ́ẹ̀ mú ni pé ó fara nù mọ́ òwú mìíràn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí òwú tí ara rẹ̀ gbẹ, bíi kọ́tìn tàbí òwú irun àgùntàn, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n òwú wo ló kún ọjà? Èyí tó ń dán yanran ni, réyọ́ọ̀nù àti pólíẹ́sítà, tí ara wọn ń yọ̀. Ẹ fi ọṣẹ kún un, ẹ fi omi kún un, ẹ fi ọwọ́ alágbàfọ̀ kún un. Ìrù òwú á máa yọ díẹ̀díẹ̀. Kì í tú lọ́jọ́ kan, èyí ló sì jẹ́ kí ìjìyà náà máa bọ́ lọ́rùn ẹni tó kọ́ni. Ojú àkọ́kọ́ á dẹ̀. Nínú ọnà tí òwú ti sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú láti kún inú ewé tàbí òdòdó, ojú kan tó dẹ̀ á gbé orí sókè. Òrùka á kọ́ ọ, èékánná á kọ́ ọ, ẹni tó wọ aṣọ á fà á. Lọ́jọ́ tí ihò bá fara hàn nínú òdòdó, ó ti tó ọdún kan, kò sì sí ẹni tó máa rántí pé ìdí òwú ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní òwú ni kò dára.

Ti ọnà oníṣéènì tilẹ̀ tún le sí i, ọnà tí lúùpù kan ń di lúùpù kejì mú. Ẹ tú lúùpù tó kẹ́yìn, ẹ fa òwú, gbogbo ìlà náà á tú pátápátá láti òpin dé ìbẹ̀rẹ̀, láìku ẹyọ kan. Ẹni tó ń fi ìkọ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, tó sì ń fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i, mọ̀ pé bí òun kò bá de òpin rẹ̀ dáadáa, ilẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ òun ń lọ.

Ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ kàn wá. Àwọn oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ tó ń ṣe adé ọba, bí àwọn ti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ń to ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ sórí òwú, wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ rán òwú náà mọ́ aṣọ líle tó wà nísàlẹ̀ ní àlàfo díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń to ìlẹ̀kẹ̀ àti sítóònù sára aṣọ ìyàwó l'Ékòó ń ṣe iṣẹ́ tó jọ ọ́. Nínú iṣẹ́ yìí, ẹni tó bá fẹ́ kí aṣọ òun pẹ́ a máa ta kókó lẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tó bá ti rìn díẹ̀, kì í ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ nìkan, kó lè jẹ́ pé bí òwú bá já níbì kan, ìlẹ̀kẹ̀ bíi mélòó kan péré ni yóò bọ́. Ẹ wo ìyàwó tó ń jó wọ gbọ̀ngàn tí ìlẹ̀kẹ̀ ń dà sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀; ẹ wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé ẹ̀yìn aṣọ náà mọ́ tónítóní.

Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ìyá aládìrẹ ní Abẹ́òkúta àti Òṣogbo kò fìgbà kan ka kókó sí ọ̀tá. Nínú adìrẹ alábẹ́rẹ́, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ àti ìko rán ọnà sára aṣọ funfun, wọ́n á fà á títí aṣọ á fi ká jọ pọ̀, wọ́n á dì í pinpin, wọ́n á wá kì í bọ inú aró ẹlú. Ibi tó fún pọ̀ ni aró kò ní lè wọ̀. Òun ni yóò yọ funfun lórí ilẹ̀ búlúù nígbà tí wọ́n bá fi abẹfẹ́lẹ́ tú ìko náà. Bí ìdí ìko bá yọ̀ nínú ìkòkò aró, ọnà náà ti lọ nìyẹn; aró á wọ ibi tí kò yẹ, kò sì sí ohun tí ènìyàn lè ṣe sí i mọ́. Kò sí ẹni tó ń rí ìdì yẹn lára adìrẹ tó ti délé oníbàárà. Wọ́n ti gé e kúrò, kò sí níbẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ gbogbo ẹwà ara aṣọ náà ló gbára lé e. Ẹni tó ń ra adìrẹ ní Ìtokú ń sanwó fún bí ìdì ti le tó, bó mọ̀ bí kò mọ̀.

Àwọn tó ń tako kókó kì í ṣe òmùgọ̀ o. Wọ́n ní ẹjọ́ tí wọ́n lè rò, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ.

Wọ́n ní kókó máa ń yọ gọngọ bí a bá lọ aṣọ tàbí tí a fi í sínú férémù sára ògiri. Òótọ́ ni, tó bá jẹ́ pé ojú ni wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù lé. Ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ ọnà tí ó yẹ kí a lọ̀ láti ojú. Orí táwẹ́lì nípọn ni a ń dà á dé, ẹ̀yìn ni a ń gbé áyọ́ọ̀nù lé, kí òdòdó má baà tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tó ń ṣe èyí nítorí òdòdó ti ṣe é nítorí kókó pẹ̀lú. Ti férémù ni wọ́n jàre rẹ̀: àwòrán tí wọ́n fà le sórí pátákó kò fẹ́ ohunkóhun lábẹ́. Kí wọ́n fi òfin yẹn sí ara àwòrán.

Wọ́n ní kókó máa ń yọ gba inú aṣọ jáde sójú. Ó ń ṣẹlẹ̀, pàápàá lórí aṣọ tí fọ́nrán rẹ̀ kò sún mọ́ra. Ẹni tó bá ta kókó, tó wá fa òwú pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀ lójú àkọ́kọ́, ó fọwọ́ fà á ni. Oògùn rẹ̀ kò ju ìgún abẹ́rẹ́ kékeré kan padà sẹ́yìn lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó, kí ìfà náà lè bọ́ sórí ìgún yẹn. Kókó á wá di ẹlẹ́rìí, kì í ṣe òun nìkan ló ń ru ẹrù.

Wọ́n ní abẹ́rẹ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè kọ́ kókó, kí òwú dojú rú. Kí a yáa má ta á sí ojú ọ̀nà abẹ́rẹ́. Wọ́n tún ní ó lè máa ha ẹni tó wọ̀ ọ́ lára. Fún ọmọ jòjòló, ẹjọ́ wọn tọ́: aṣọ tó ń kan awọ ara ọmọ tuntun kò gbọ́dọ̀ ní ohun líle kankan nínú, bó ti wù kí ó kéré. Fún àgbàlagbà tó wọ agbádá, àyà àti ọrùn ni iṣẹ́ wà, aṣọ mìíràn sì ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹjọ́ wọn tó lágbára jù ni ti Suzhou, ní Ṣáínà, níbi tí wọ́n ti ń fi sílíkì ṣe ológbò tàbí ẹja sórí aṣọ tó mọ́ gaara, tí iwájú àti ẹ̀yìn jẹ́ bákan náà, tí wọ́n sì gbé e sáàárín férémù kí ènìyàn lè yí i ká. Níbẹ̀, orí òwú àti ìdí rẹ̀ ń wọ abẹ́ àwọn ojú ìránṣọ mìíràn, kókó kan kò sì gbọ́dọ̀ hàn. Kò sí àríyànjiyàn nínú ìyẹn. Ti aṣọ fóìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti àwọ̀n náà rí bẹ́ẹ̀, ti tatreez àwọn obìnrin Palestine náà rí bẹ́ẹ̀ lọ́nà tirẹ̀, iṣẹ́ tí UNESCO kọ sínú àkójọ rẹ̀ ní 2021. Wọ́n fẹ́ràn kí ẹ̀yìn rẹ̀ wà létòlétò, ìgbéraga wọn ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ yangàn ní ẹ̀tọ́ sí i. Ohun tí kò tọ́ ni kí a sọ ìgbéraga àwọn ọ̀gá di òfin fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú abẹ́rẹ́ dání, kí a sì gba máàkì rẹ̀ nítorí rẹ̀.

Àbí ta ló tilẹ̀ sọ pé ẹ̀yìn iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jọ iwájú rẹ̀? Ní Bayeux, ní ilẹ̀ Faransé, aṣọ ọnà kan wà tó gùn ní nǹkan bí mítà 68, òwú irun àgùntàn ni wọ́n fi ṣe é sórí aṣọ ọ̀gbọ̀ ní ọ̀rúndún kọkànlá, ìtàn bí William ará Normandy ṣe gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà lára rẹ̀. Ní 1982 sí 1983, wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi tẹ́ ẹ lẹ́yìn, àwọn onímọ̀ sì ráyè wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọ̀ ibẹ̀ tàn ju ti ojú lọ nítorí oòrùn kò rí i. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí èyí tó jẹ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ àti èyí tí àwọn alátùn-únṣe fi kún un, wọ́n sì rí bí ọwọ́ ṣe rìn. Kò sí ẹni tó gba máàkì kankan lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é.

Ẹ̀ṣẹ̀ kan wà nínú ọ̀rọ̀ kókó, ó kàn jẹ́ pé òun kọ́ ni olùkọ́ ń lé. Kókó burúkú ni. Ẹ wo ẹni tó fi itọ́ pa ìka, tó lọ́ ìdí òwú mọ́ ìka náà, tó yí i, tó fà á: kókó tó bá jáde níbẹ̀, kò sí ẹni tó mọ bí yóò ti tóbi tó, ìrù rẹ̀ á rí jákujàku, ìgbà mìíràn á wà ní àárín òwú dípò ìdí. Ẹ tún wo ẹni tó ta kókó lé kókó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tó wá di kúlúbọ́ tí ènìyàn lè fi ìka kà. Ìwọ̀nyí ló ba kókó lórúkọ jẹ́. Bí olùkọ́ bá lo ìdajì àkókò tó fi ń bá kókó wí láti fi kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń ta á, kì bá ti sí ẹjọ́ kankan.

Kókó tó dúró kò ṣòro. Òwú kò gbọ́dọ̀ gùn ju láti orí ìka dé ìgúnpá lọ, nítorí òwú gígùn ló ń lọ́ tó sì ń fọ́n. Ẹ fi ìka àtàǹpàkò di ìdí òwú mọ́ ara abẹ́rẹ́, ẹ yí òwú mọ́ ẹnu abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ fi ìka mú ibi tí ẹ yí náà dáadáa, ẹ fa abẹ́rẹ́ gba àárín rẹ̀ jáde títí òwú yóò fi tán. Kókó kékeré kan á jókòó sí ìdí. Bí òwú bá jẹ́ fọ́nrán kan tàbí méjì, yíyí mẹ́ta dára. Bí ó bá jẹ́ mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀kan tó, kó má baà tóbi jù. Ẹ fi ìrù díẹ̀ sílẹ̀, kò ju ìbú èékánná lọ. Ẹ ti abẹ́rẹ́ wọlé láti ẹ̀yìn, sí ibi tí ọnà yóò bò, ẹ gún un padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, ẹ wá fà á díẹ̀ wò. Bí kò bá mì, ẹ máa lọ. Nígbà tí òwú bá fẹ́ẹ́ tán, ẹ ti abẹ́rẹ́ gba abẹ́ ojú ìránṣọ kan lẹ́yìn, ẹ má tíì fà á tán, ẹ gba inú lúùpù tó kù kọjá, ẹ wá fà á kó lẹ̀ mọ́ aṣọ. Àwọn tó ń fi ọwọ́ rán kuílítì ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ ní ọgbọ́n kan tó ṣe ìrẹ́pọ̀ láàárín ìhà méjèèjì: wọ́n á ta kókó kékeré, wọ́n á fa òwú pì lẹ́ẹ̀kan kí kókó náà já wọ inú òwú tó wà láàárín aṣọ òkè àti aṣọ ìsàlẹ̀, á dúró síbẹ̀, ojú kò ní rí i mọ́. Agbádá tí wọ́n tẹ́ aṣọ sí láyà lè gba irú ọgbọ́n yìí.

Ní Japan, ọmọ kíláàsì karùn-ún ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin, ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ rán aṣọ. Lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ wọn ni kókó ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní tamamusubi, àti kókó ìparí, tamadome. Orílẹ̀-èdè tó ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àtàtà bí i sashiko kò rí ìtìjú kankan nínú kí ọmọ ọlọ́dún mẹ́wàá ta kókó. Bí ọmọ náà bá dàgbà tán, tó fẹ́ di ọ̀gá nínú iṣẹ́ tí kò fẹ́ kókó, yóò kọ́ èyí náà. Kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́.

Àwọn olùkọ́ wa lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n kọ́ ọmọ ní kókó tó dúró ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Kí wọ́n kọ́ ọ ní kókó tí wọ́n ń gé dànù àti ti lúùpù lẹ́yìn ìyẹn. Kí wọ́n wá jẹ́ kó mọ aṣọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún, yálà fóìlì, àwòrán inú férémù, aṣọ ọmọ tuntun tàbí agbádá. Ẹni tó bá sì fẹ́ gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ nítorí ohun tó wà lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ rẹ aṣọ náà sínú omi ọṣẹ, kí ó gbo ó, kí ó fún un, kí ó sá a, kí ó lọ̀ ọ́, kí ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí i. Bí òwú bá tú, kí ó gba máàkì rẹ̀. Bí kò bá tú, kí ó fún ọmọ náà ní máàkì rẹ̀ pé.